Kí Ọmọ Onílẹ̀ Jogún Pẹpẹ: Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac

Ọjọ́ méjìlélógójì péré ni ọkùnrin yìí lò lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ó gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1859, ó sì kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà. Kò dé Dàhòmì tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Kò fojú kan Èkó. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ló rán àwọn fadá tó fi ẹsẹ̀ ìjọ Àgùdà múlẹ̀ ní Ouidah, Àjàṣẹ́, Èkó, Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn.

Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń gbé ikú yẹn síwájú. Kò burú, nítorí ikú náà dunni. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá tó lò ní ilẹ̀ Íńdíà ṣáájú ló jẹ́ ká mọ irú ẹni tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn tí kò sì jáde mọ́: kí wọ́n fi ọmọ ilẹ̀ joyè àlùfáà, kí wọ́n fi joyè bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, kí àlejò tó mú ìhìn wá lè fi ilé lé onílé lọ́wọ́. Lásìkò tirẹ̀, àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó sì gbà á lẹ́nu tí wọn kò ṣe é pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ọmọ ẹnjiníà

A bí Melchior ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1813 ní Castelnaudary, ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n kí Ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé ọdún 1789 tó dé, tó sọ ọ̀pọ̀ irú wọn di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹun. Gaston, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹnjiníà lórí Canal du Midi, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láti Toulouse dé Òkun Mẹditaréníà. Bàbá yìí fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà níwèé nílé kí ó tó wọ sẹ́mínárì ní Carcassonne.

Wọ́n fi jẹ àlùfáà ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1838, wọ́n sì ní kó máa ran fadá àgbà lọ́wọ́ nínú ìlú tí wọ́n ti bí i. Ẹlòmíràn ì bá jókòó síbẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Òkèèrè ni ọkàn tirẹ̀ wà. Bíṣọ́ọ̀bù Carcassonne kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní í lọ. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ní 1841 ni ọ̀nà là fún un, tó lọ sí Paris láti wọ Ẹgbẹ́ Míṣọ́n Òkèèrè, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tó ti ń rán ènìyàn lọ sí Éṣíà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Nantes. Canal Suez kò tíì sí nígbà náà, ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni ọkọ̀ máa ń yípo kó tó dé Íńdíà. Oṣù Keje ti ń parí lọ kí ó tó gúnlẹ̀ sí Pondicherry, ìlú tí ìjọba Faransé ń ṣàkóso ní etí òkun gúúsù Íńdíà.

Ilẹ̀ tí ìbí ti ń pín ènìyàn

Èdè Tamil ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dojú kọ, ó sì gbájú mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi rí i pé èdè nìkan kọ́ ló ta kókó.

Ní Íńdíà ìgbà náà, ìdílé tí wọ́n bá bí ènìyàn sí ló ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, ẹni tí yóò fẹ́ àti ẹni tí yóò bá jẹun. Àwọn ìbí gíga kì í bá àwọn tí wọ́n ń pè ní Paria da nǹkan pọ̀. Paria tó di Kristẹni, Paria náà ni lójú aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Tamil ló ní apá kan fún àwọn ìbí gíga, apá mìíràn fún àwọn Paria; ibòmíràn wà tó jẹ́ pé odi ni wọ́n mọ sáàárín wọn. Gbogbo wọn ń gbọ́ Máàsì kan náà, wọ́n ń kí Màríà kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lápá ọ̀hún kò gbọdọ̀ rékọjá síhìn-ín. Fadá Òyìnbó alára kò bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́ yìí. Ẹni tó bá ń jẹ ẹran màlúù, tó ń wọ bàtà awọ, tó sì gba Paria ṣe alásè, ẹni ẹ̀gbin ni lójú àwọn ìbí gíga, bó ti wù kí ìwàásù rẹ̀ dùn tó.

Ọ̀rọ̀ náà ti di iṣu ata yán-an-yàn-an tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Roberto de Nobili, Jẹ́súìtì ọmọ Ítálì, wọ aṣọ àwọn ẹni mímọ́ ilẹ̀ Íńdíà ní Madurai, ó ń jẹ oúnjẹ wọn, ó sì fàyè gba ọ̀pọ̀ àṣà wọn. Àwọn kan ní ọgbọ́n ló lò, àwọn mìíràn ní ìbọ̀rìṣà ló mú wọlé. Ìjà náà dé Róòmù. Ní 1744, Póòpù Benedict Kẹrìnlá fòfin de ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣà náà, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo míṣọ́nnárì tó bá ń lọ sí agbègbè náà kọ́kọ́ búra pé òun yóò pa òfin náà mọ́. Brésillac náà búra. Nígbà tó dé orí ilẹ̀ ló rí i pé bí fadá kan ṣe ń túmọ̀ òfin ọ̀hún, ẹlòmíràn kò túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀; àwọn kan tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn kan mójú kúrò, kálukú sì ti gbé ìbúra lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀.

Ìjà kejì tún wà, láàárín Òyìnbó sí Òyìnbó. Láti ayébáyé ni Róòmù ti fún ọba ilẹ̀ Potogí ní ẹ̀tọ́ lórí ìjọ ìlà-oòrùn ayé. Nígbà tó di 1838, Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún gba ẹ̀tọ́ náà kúrò lórí ọ̀pọ̀ agbègbè Íńdíà, ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà Goa, lábẹ́ àwọn Potogí, fi àáké kọ́rí. Abúlé kan lè ní Kristẹni ti Goa àti Kristẹni ti Póòpù, kí wọ́n máa jà sí kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn kan ṣoṣo.

Inú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé ńlá kan ti wáyé ní Pondicherry ní ìbẹ̀rẹ̀ 1844, tí Bíṣọ́ọ̀bù Clément Bonnand pè. Àwọn míṣọ́nnárì jókòó, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé títọ́ àlùfáà láti inú àwọn ọmọ Íńdíà gbọ́dọ̀ gba iwájú gbogbo iṣẹ́ yòókù. Fún Brésillac, ọjọ́ ayọ̀ ni. Wọ́n fi sẹ́mínárì kékeré Pondicherry lé e lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fadá Jean Luquet, ló gbé àbájáde ìpàdé náà lọ sí Róòmù. Ní oṣù Kọkànlá 1845, Propaganda Fide, ọ́fíìsì Póòpù tó ń bójú tó iṣẹ́ míṣọ́n káàkiri ayé, gbé ìwé àṣẹ kan jáde tó sọ ọ́ gbangba: kí wọ́n tọ́ àlùfáà ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n múra wọn sílẹ̀ fún oyè bíṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má sì ṣe sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀ fún míṣọ́nnárì Òyìnbó.

Bíṣọ́ọ̀bù ìlú tí kò ní ìjọ mọ́

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Karumattampatti, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1846. Agbègbè Coimbatore ni wọ́n ní kó máa bójú tó. Oyè tó wà lórí ìwé rẹ̀ kì í ṣe ti Coimbatore rárá: Bíṣọ́ọ̀bù Prusa ni wọ́n kọ. Prusa jẹ́ ìlú àtijọ́ kan tó wà ní Tọ́kì òde òní, tí ìjọ Kátólíìkì ibẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lóye ètò yìí, nítorí òun náà ni wọ́n lò ní Èkó àti Dàhòmì lẹ́yìn náà. Nínú òfin Ìjọ, bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní ìlú. Ilẹ̀ míṣọ́n kò tíì dàgbà tó láti jẹ́ dáyósíìsì tó dá dúró, nítorí náà wọ́n máa ń fi orúkọ ìlú àtijọ́ kan fún bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ilẹ̀ míṣọ́n lórúkọ Póòpù. Vicar apostolic ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá gbó tán, tó ní àlùfáà tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, dáyósíìsì gidi yóò rọ́pò rẹ̀. Láti ìpìlẹ̀ ni ètò náà ti jẹ́ ètò fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó jẹ oyè náà gbàgbé èyí. Brésillac kò gbàgbé.

Ó dá sẹ́mínárì sílẹ̀, ó kó ọmọkùnrin jọ, ó sì ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò di ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Kò fẹ́ kí wọ́n di Òyìnbó dúdú. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ọmọ Tamil nínú aṣọ, nínú oúnjẹ àti nínú ìwà, kí wọ́n sì mọ ẹ̀kọ́ Ìjọ dénú. Ẹnu àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kò. Àwọn kan rò pé ọmọ Íńdíà lè ṣe katikíìsì, ó lè ṣe olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó jókòó bá Òyìnbó lórí tábìlì ìpinnu, ìyẹn kò yé wọn. Wọ́n ti buwọ́ lu ìwé ìpinnu 1844, ìwé náà sì wà nínú àpótí.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ àwọn àṣà tí òfin 1744 dè ń gún un lọ́kàn sí i. Ó fẹ́ kí Róòmù sọ ojú abẹ níkòó: èwo ni kí a gbà, èwo ni kí a kọ̀? Ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kò wá. Kàkà kó máa ṣàkóso pẹ̀lú ìbúra tí kò mọ̀ bóyá òun ń pa mọ́ tàbí òun ń dà, ó kọ̀wé pé òun fẹ́ fi oyè sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Róòmù láti sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n gbà á láyè ní oṣù Kẹta 1855. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, bíṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilẹ̀ tó ń ṣàkóso mọ́.

Àwọn kan pe ìyẹn ní ìjákulẹ̀. Bí a bá wo ohun tó bá a jà, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló yàn lórí ìjókòó rẹ̀, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó wà nípò.

Lyon, 1856

Ó lè padà sí Castelnaudary, kí ó máa kọ ìrántí ọdún méjìlá rẹ̀. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ìwé ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò jókòó tì í. Ó tọ Propaganda Fide lọ, ó ní kí wọ́n rán òun lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ ní Áfíríkà. Dàhòmì ló dárúkọ. Ilé iṣẹ́ Victor Régis, oníṣòwò Marseille kan tó ń ra epo pupa ní Ouidah, ló fún un ní ìròyìn nípa etíkun náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1856, Róòmù fún un lésì: bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò tó, bó bá kú, iṣẹ́ kú. Kí ó lọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àwọn míì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, gẹ́gẹ́ bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ti fi hàn.

Lyon ló yàn. Ìlú náà ni Pauline Jaricot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ ìtìlẹ́yìn míṣọ́n sílẹ̀ ní 1822, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ìránṣẹ́bìnrin ti ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Brésillac ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Faransé, ó ń wàásù, ó ń tọrọ owó, ó ń wá ọ̀dọ́kùnrin. Augustin Planque, olùkọ́ ní sẹ́mínárì Arras, wá bá a. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1856, òun àti ìwọ̀nba ènìyàn tó ti kó jọ gun òkè Fourvière lọ sí ilé ìsìn Màríà tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ya ara wọn sí mímọ́ fún iṣẹ́ Áfíríkà. Bí wọ́n ṣe dá Ẹgbẹ́ Míṣọ́n Áfíríkà sílẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí SMA.

Ìjákulẹ̀ mìíràn tún dé. Àwọn tó wà ní Róòmù bẹ̀rù Dàhòmì, ilẹ̀ ọba alágbára tó ń bá Abẹ́òkúta jagun, wọ́n ní ó léwu jù. Ní oṣù Kẹrin 1858, Sàró ni wọ́n fún un. Ó gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Freetown

Freetown sún mọ́ ìtàn Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rò lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun lọ. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà lára wọn. 1822 ló débẹ̀. Nígbà tí Brésillac fi máa dé, àwọn Àkú ti kọ́ ilé, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń kún inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ.

Àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ lọ: Fadá Louis Reymond, Fadá Jean-Baptiste Bresson àti Arákùnrin Eugène Reynaud. Wọ́n dé ní oṣù Kìíní 1859. Brésillac, Fadá Louis Riocreux àti Arákùnrin Gratien Monnoyeur wọ ọkọ̀ Danaé ní Brest ní oṣù Kẹta. Oṣù méjì ni wọ́n lò lójú omi. Ibà pọ́njú ti gba Freetown kí wọ́n tó dé. Wọ́n gba bíṣọ́ọ̀bù nímọ̀ràn pé kí ó má sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà nínú ìlú, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn.

Ẹni tí ibà pọ́njú bá mú, orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ara rẹ̀ yóò sì gbóná janjan. Ó lè rọlẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí aláìsàn rò pé òun ti bọ́. Bó bá padà, funfun ojú á pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ lẹ́nu, èébì á dúdú bí omi èédú. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá dé ibẹ̀ ló ń kú. Ẹni tí a bí sí etíkun tó ti ní in díẹ̀ nígbà èwe kì í sábà bá a kú. Àlejò ló ń pa.

Riocreux ló kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bresson tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5. Arákùnrin Gratien kú ní ọjọ́ 13. Àwọn mẹ́ta ti lọ kí ó tó kan bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 25, Brésillac jáde láyé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Reymond nìkan ló ṣẹ́ kù ní fadá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi wà láyé lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́fà, Arákùnrin Eugène ló yè, nítorí pé àìsàn ti lé e padà sí ilẹ̀ Faransé ṣáájú.

Nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fa ibà náà. Afẹ́fẹ́ irà ni wọ́n rò. Ní 1881 ni Carlos Finlay, dókítà ọmọ Kúbà, wí pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ogún ọdún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Havana. Èkó ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn náà. Ní 1925, àjọ Rockefeller gbé ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú kalẹ̀ sí Yábàá. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin Gold Coast kan tó ń jẹ́ Asibi ni wọ́n ti rí kòkòrò àìsàn náà mú ní 1927. Lọ́dún kan náà, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí, kó ibà yìí, ó sì kú sí Èkó. Ìran kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, èyí tí ọmọdé ń gbà ní Nàìjíríà títí di òní.

Lẹ́yìn ikú bíṣọ́ọ̀bù

Nígbà tí ìròyìn dé Lyon, Planque àti ìwọ̀nba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kù nínú ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó yẹ kí ó tú ká. Planque kò tú u ká. Ó darí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1907, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn arábìnrin OLA sílẹ̀ ní 1876. Ní oṣù Kẹjọ 1860, Róòmù tó kọ̀ Dàhòmì fún Brésillac fi Dàhòmì lé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Francesco Borghero, ọmọ Ítálì, àti Francisco Fernandez, ọmọ Sípéènì, dé Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1861. Louis Edde tó bá wọn jáde nílé ti kú sí Freetown lójú ọ̀nà. Ní Ouidah, wọn kò bá ilẹ̀ tí orúkọ Jésù ṣàjèjì sí. Àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì bọ̀ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn. Bákan náà ló rí ní Èkó, níbi tí ọkùnrin kan tó ti ṣẹrú rí, tí gbogbo Àgùdà ń pè ní Padre Antonio, ti fi ọparun kọ́ ilé ìsìn, tó ń ṣe ìrìbọmi, tó ń kọ́ ọmọdé, tó sì ń darí àdúrà òkú, láìjẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù kankan fọwọ́ lé e lórí. Borghero bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bẹ Èkó wò ní 1863. Fadá Pierre Bouche tó wá gbé Èkó dé ní 1868. Bí ènìyàn bá ń wá ẹ̀rí pé ọmọ Áfíríkà lè ṣe olórí ìjọ, Padre Antonio ti fi hàn kí fadá kankan tó tẹ̀dó sí ìlú náà.

Ìdí nìyí tí ìdádúró tó tẹ̀ lé e fi ń dunni. Ọgọ́ta ọdún ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Brésillac lò ní etíkun yìí kí ọmọ onílẹ̀ tó di àlùfáà lọ́wọ́ wọn. Ikú ń pa wọ́n léraléra; Jean-Baptiste Chausse, bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Èkó, gba oyè ní 1891, ó kú ní 1894. Èdè Látìn le, owó kò sí. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n àìgbàgbọ́ nínú ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, irú èyí tí olùdásílẹ̀ wọn bá jà ní Coimbatore.

Àwọn Áńgílíkà rí irú rẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n wọn, ní London, ẹni tó wà láyé nígbà kan náà pẹ̀lú Brésillac, ní ìgbàgbọ́ kan náà: kí ìjọ Áfíríkà ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó bọ́ ara rẹ̀, kí ó tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Òun ló ti Àjàyí Crowther lẹ́yìn tó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864. Nígbà tí Crowther kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Níhà ti Kátólíìkì, ọwọ́ Róòmù ló tún padà ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́tà tí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún kọ ní oṣù Kọkànlá 1919 bá àwọn míṣọ́nnárì wí gidigidi nítorí ọ̀rọ̀ àlùfáà ọmọ onílẹ̀. Ní 1926, Póòpù Pius Kọkànlá fi ọmọ Ṣáínà mẹ́fà jẹ bíṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Róòmù. Nǹkan wá yára. Paul Emecheta ti di àlùfáà ní 1920, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Ọya tí SMA ń bójú tó. Sẹ́mínárì Saint-Gall, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ouidah ní 1914, tọ́ Thomas Moulero, ọmọ Kétu, tó di àlùfáà ní 1928, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Dàhòmì. Ọmọ Yorùbá ni, kò sì fi ilé sílẹ̀ nítorí pẹpẹ: ó ṣàkójọ ìtàn Kétu, ó sì ṣèwádìí lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 1929, Lawrence Layode àti Julius Oni joyè àlùfáà ní ẹ̀gbẹ́ ti Nàìjíríà.

Ní 1957, wọ́n fi Bernardin Gantin, ọmọ Dàhòmì, jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cotonou ní 1960, Kádínà ní 1977, nígbà tó sì di 1984, Póòpù fi ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń yan bíṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, Faransé pẹ̀lú. Ní Èkó, John Kwao Amuzu Aggey di bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1957 kan náà. Nígbà tí Leo Taylor, ọmọ ẹgbẹ́ SMA tó kẹ́yìn lórí àga bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó, kú ní 1965, Aggey ló gorí rẹ̀. Anthony Okogie tẹ̀ lé e ní 1973.

Wọ́n ti kó egungun Brésillac kúrò ní Freetown lọ sí Lyon. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí jẹ́ ọmọ Áfíríkà, àwọn ọmọ Íńdíà náà sì wà nínú wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2020, Póòpù Francis fọwọ́ sí i pé ó gbé ìgbé ayé ìwà mímọ́ tó tayọ. Bí wọn yóò bá pè é ní Alábùkún, ó ku kí Róòmù fìdí iṣẹ́ ìyanu kan múlẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nípa àdúrà rẹ̀.